Owó Àwọn Híńdù àti Ẹ̀kọ́ Gíga ní Òkè Òkun

Bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́sìn kan dáwó fún yunifásítì kí wọ́n lè máa kọ́ni nípa ẹ̀sìn wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni yóò yan olùkọ́? Ìbéèrè yìí ni àwọn Híńdù tí ó ti Íńdíà lọ tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé jíròrò lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí á ti ìdí rẹ̀ wá. Kì í ṣe owó Híńdù ni a fi dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n Sanskrit sílẹ̀ ní Yunifásítì Oxford, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè yìí ni a fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé mímọ́ wọn. Joseph Boden, ọ̀gá ológun kan tí ó ti sìn ní Íńdíà, ni ó fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè tipasẹ̀ èdè náà sọ àwọn ará Íńdíà di Kristẹni. Ọdún 1832 ni ẹni àkọ́kọ́ gba ipò náà. Nígbà tí àyè ṣófo, àwọn tí ó gboyè ní Oxford dìbò yan ẹlòmíràn ní 1860. Max Müller, ará Jámánì, lókìkí nínú ìmọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìbò 610 ni ó ní. Monier Williams, tí ọ̀pọ̀ àlùfáà gbà pé yóò ran iṣẹ́ ìhìnrere lọ́wọ́, ní 833. Láti 1811 ni Boden ti kú o, síbẹ̀ ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣì ń bá wọn yan olùkọ́!

Èmi kò lè bá àwọn Híńdù wí, nígbà náà, bí wọ́n bá ń fẹ́ kí ohùn tiwọn náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n owó tiwọn pàápàá lè kó wọn sínú ọ̀fìn kan náà. Ní 2015, àjọ Dharma Civilization Foundation wà lára àwọn tí ó fẹ́ dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ ní Yunifásítì California tí ó wà ní Irvine. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fàáké kọ́rí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé olówó yóò fẹ́ darí ẹ̀kọ́. Ní 2016, ìgbìmọ̀ tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dámọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gba owó náà, ètò náà sì fọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni Oxford Centre for Hindu Studies gbà. A dá a sílẹ̀ ní 1997. Ọrẹ àwọn ènìyàn ni ó ń gbé e ró. Ní 2006, Yunifásítì Oxford fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró. Híńdù àti ẹni tí kì í ṣe Híńdù ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Èyí tí kò tíì tán nínú àríyànjiyàn náà ni bóyá dandan ni kí olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù jẹ́ Híńdù. Max Müller tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò fi ẹsẹ̀ tẹ Íńdíà rí títí ó fi kú ní 1900. Òun náà ni ó ṣàtẹ̀jáde Rig Veda ní ìdìpọ̀ 6, láti 1849 títí di 1874. Orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn ará Íńdíà fi ń pe àwọn ilé àṣà Jámánì tí ó wà lọ́dọ̀ wọn.