Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọrọ̀ Ajé Sèmè-Kpodji Lẹ́yìn Àjàkálẹ̀ Àrùn

Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà dá ọrọ̀ ajé àgbáyé dùbúlẹ̀ ní ọdún 2020. Ti gbogbo àgbáyé fi nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 rẹlẹ̀. Ti Nàìjíríà fi nǹkan bí ìdá 2 rẹlẹ̀. Ti Bẹ̀nẹ̀ kò rẹlẹ̀: ó fi ìdá 3.8 gòkè, ó sì fi ìdá 7.2 gòkè ní ọdún 2021. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwa ará ẹnu ibodè mọ̀ pé ìṣirò orílẹ̀-èdè lè gòkè kí ìkòkò ilé má sì hó.

Tiwa ti bẹ̀rẹ̀ kí àrùn tó dé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n rí aláìsàn àkọ́kọ́ ní Àjàṣẹ́; kí oṣù náà tó parí, ìjọba fi ìdènà yí agbègbè wa ká. Àwọn olóúnjẹ etí ọ̀nà, àwọn zémidjan, àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà ní Kraké, gbogbo wọn ni ọwọ́ wọn rọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ibodè ṣí, ṣùgbọ́n òwò àná kò padà bọ̀ sípò. Nàìjíríà kò gbà kí ìrẹsì òkèèrè àti adìyẹ inú yìnyín gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí ó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kíá ni owó kpayo fò sókè ní àdúgbò wa. Oṣù tó tẹ̀ lé e, náírà já wálẹ̀, ọjà wa sì wọ́n lójú oníbàárà Èkó. Ẹrù ẹlẹ́rù tó gúnlẹ̀ sí Kùtọ̀nú la ń gbé kọjá: a kò gbìn ín, a kò ṣe é. Ẹni tó bá gbé irú òwò bẹ́ẹ̀ nìkan dání, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Àbújá ni yóò pinnu oúnjẹ alẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A ní ẹ̀fọ́, ata àti kárọ́ọ̀tì tí à ń gbìn lórí iyanrìn etí òkun. A ní ẹja. A ní àgbọn, tí ilé ìwádìí rẹ̀ wà ní ìlú wa. Epo àgbọn tí a bá fún lówó ju àgbọn tí a kò pa lọ. Lábẹ́ òfin CEDEAO, èso oko, ẹran ọ̀sìn àti iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa kì í san owó ibodè. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Yorùbá yín lè ná ọjà dé Àgbádárìgì àti Èkó. Faransé yín lè bá Lomé àti Abidjan dòwò pọ̀. Ẹ kọ́ òfin ibodè, kí ẹnikẹ́ni má baà gba owó tí kò tọ́ lọ́wọ́ yín. Ibodè kò ní kúrò níwájú wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ohun tí ọwọ́ wa ṣe wà nínú ẹrù tí yóò gba ibẹ̀ kọjá.