Àgọ́ àti Aginjù: Ọ̀rọ̀ nípa Sísùn nínú Igbó Ìjọba

Bí ènìyàn bá dúró ní Jojú lónìí, láàárín Ọ̀tà àti Sàngó, tí ó wí fún ẹni tí wọ́n jọ ń dúró de ọkọ̀ pé kámpù ni òun ń lọ, ohun tí onítọ̀hún yóò kọ́kọ́ rò ni àgọ́ ìjọ kan tí wọ́n ti ń gbàdúrà mọ́jú, tàbí ibi tí àwọn àgùnbánirọ̀ ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣágámù. Kò ní í wá sí ọkàn rẹ̀ pé ènìyàn lè di aṣọ àgọ́ sínú ẹrù, kí ó sanwó ní ẹnubodè igbó ìjọba, kí ó sùn níbẹ̀ ní oru méjì, kí ó sì padà sílé láìpa ẹran, láìgé igi. Àwọn kan ní òṣì ni ó fà á, àwọn mìíràn ní ìbẹ̀rù ẹranko ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí àgọ́ jẹ́ nínú èdè àti nínú ìtàn wa wà lára ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn Àwórì tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé Ògúnfúnminírè gbé àwo lé orí Odò Ògùn, ó sì ń tẹ̀ lé e. Níbi tí àwo bá ti dúró ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò pàgọ́ sí. Wọ́n ní ó dúró ní Olókemejì fún ọjọ́ 17 kí ó tó tún ṣí. Ní ẹ̀bá ibi tí ó di Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú wọn kò tẹ̀ síwájú mọ́. Nígbẹ̀yìn, àwo rì, ìrìn sì parí. Àgọ́ inú ìtàn yìí kì í ṣe ibi ìsinmi. Ìlú tí kò tíì mọ̀ pé ìlú ni òun ni.

Bákan náà ni ó rí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní 1829. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní nǹkan bí 1830. Àgọ́ Ọ̀jà ni Aláàfin Àtìbà sọ di olú ìlú lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí a fi ń wí títí dòní pé Àgọ́ d'Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ irú èyí láti kékeré, bí ó bá rí àgọ́ nínú igbó, yóò béèrè ta ni ó fẹ́ gba ilẹ̀.

Àwọn ọdẹ nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ń sùn nínú igbó láìní in lọ́kàn láti tẹ ibẹ̀ dó. Wọ́n á wà lórí ègùn, wọ́n á dáná, wọ́n á sì ṣí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Síbẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n bá lọ. Kódà nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938, ọdẹ ni Àkàrà-ògùn, ọba sì ni ó rán òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí Òkè Lángbòdó. Kò sí ẹni tí ó lọ sí igbó yẹn láti lọ gba atẹ́gùn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni aginjù. Láti ìgbà tí odindi Bíbélì ti jáde ní èdè Yorùbá ní 1884, ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ aginjù sí ilẹ̀ oníyanrìn tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rìn fún 40 ọdún. Lẹ́nu ọdẹ, igbó kìjikìji ni aginjù. Àwọn kan rò pé ìtumọ̀ méjèèjì ta ko ara wọn. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe igi, kì í sì í ṣe iyanrìn ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, bí kò ṣe ibi tí ènìyàn kò gbé. Ohun tí òfin ọgbà orílẹ̀-èdè sì ń fẹ́ nìyẹn: kí aginjù máa jẹ́ aginjù.

Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ dá irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ní Yellowstone, ní 1872. (Àwọn ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì lé wọn, ìyẹn náà wà nínú ìtàn.) Ní ibùdó àgọ́ wọn, ojú ibi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó ní tábìlì àti ibi ìdáná. Nínú igbó Yosemite, inú àpótí irin ni a ń kó oúnjẹ sí nítorí béárì. Ní aṣálẹ̀ Joshua Tree ní Kalifọ́níà, ọ̀pọ̀ ibùdó ni kò ní omi rárá. Àlejò ni yóò gbé tirẹ̀ wá. Ọ̀sán máa ń gbóná janjan níbẹ̀, òru sì lè tutù bíi yìnyín. Ẹni tí ó gbọ́n kì í sì í pàgọ́ sí ojú odò tí ó gbẹ, torí òjò tí ó rọ̀ ní òkè réré lè dé bá a lójú oorun. Òfin tí ó wù mí jù ni ti iye ọjọ́: ní ọ̀pọ̀ ibùdó wọ̀nyí, àlejò kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ. Àwo Ògúnfúnminírè ì bá ti jẹ̀bi ní Olókemejì.

Nílé níbí, wọ́n dá igbó ẹran Yankari sílẹ̀ ní 1956, wọ́n ṣí i fún àlejò ní 1962. Ilé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ fún wọn, nítòsí ìsun omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Wikki. Èyí tí ó kàn wá jù ni ọgbà orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́ Ilé, tí ó gba orúkọ yẹn ní 1991, tí ó sì lé ní 2,500 kìlómítà níbùú lóòró. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ìlú ńlá ni. Lónìí, igi ni ó kún ibẹ̀. Àgọ́ ti di Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ sì ti di aginjù. Àwọn àgbẹ̀, àwọn darandaran àti àwọn ọdẹ ń wọ inú ọgbà náà láìgbàṣẹ, olúkúlùkù pẹ̀lú àwáwí tirẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí ohun tí a kọ́ wa ni pé ibi tí a bá pàgọ́ sí, tiwa ni. Bẹ́ẹ̀ ni Odò Ògùn gba inú ọgbà yẹn kọjá kí ó tó dé Abẹ́òkúta àti Akúté, níbi tí ilé iṣẹ́ omi Èkó ti ń fa omi rẹ̀. Bí wọ́n bá gé igbó òkè tán, ẹrẹ̀ ibẹ̀ yóò tẹ̀ lé omi wá bá wa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sùn níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ọgbà náà ní ìlú Ọ̀yọ́, kí ó sì béèrè nípa ààbò ṣáájú ohunkóhun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀nà dára. Kí ó gbé omi lọ, kí ó kó ìdọ̀tí rẹ̀ bọ̀. Bí ó bá dé ojú ìlú àtijọ́, yóò rí ibi tí odi ìlú gbà, àti ojú àpáta tí àwọn obìnrin Ọ̀yọ́ ti lọ nǹkan títí ó fi jìn kòtò.