Eré Sísá Láàárọ̀ Ọyẹ́: Òtútù A Máa Tan Ara Jẹ

Àwọn baba wa ní àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a sì ń rò ó tẹ́lẹ̀. Bí a bá rí bàbá onírùngbọ̀n funfun tí ó ń sáré ní títì ní kùtùkùtù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò bóyá ajá ni ó ń lé e. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ẹgbẹ́ àdúgbò, ìjọ, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ a máa pe tọmọdé tàgbà síta láti sá eré àánú. Olúkúlùkù á dá owó díẹ̀, wọn á sá kìlómítà mélòó kan, wọn á sì kó owó náà fún aláìní tàbí aláìsàn. Kì í ṣe eré ìje. Ẹni tí ó ṣáájú àti ẹni tí ó kẹ́yìn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Ní ọdún 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà kan, Terry Fox, ẹni tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nítorí àrùn jẹjẹrẹ, fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré fún ọjọ́ 143 láti kó owó jọ fún ìwádìí àrùn náà. Láti ọdún 1981 ni wọ́n sì ti ń sáré ní orúkọ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Èmi náà bá wọn sá irú eré bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù January. Kìlómítà 5 ni. Owó tí a dá wà fún oògùn àwọn ọmọ tí ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n pè wá. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Eruku bo ojú ọ̀run, ètè gbogbo wa funfun bí ẹni tí ó jẹ ìyẹ̀fun. Ẹlòmíràn wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, ẹlòmíràn wọ síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan. Ohun tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọn yóò pè sí irú eré yìí kí ọyẹ́ tó kásẹ̀.

Ọyẹ́ kì í ṣe òtútù bí ti ìlú òyìnbó. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni. Ó gbẹ, ó sì ru eruku. Àárọ̀ tí ó bá tutù tó ìwọ̀n 18 tàbí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ará Gẹ̀ẹ́sì lè bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí ooru ti mọ́ lára á máa gbọ̀n. Bí òtútù bá ti kan awọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ á fún pọ̀ kí ooru inú má baà jáde. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á di tóóró, ọkàn á sì ní láti fi agbára púpọ̀ sí i ti ẹ̀jẹ̀ kọjá. Ẹran ẹsẹ̀ àti ti itan náà á le. Ẹ̀yin ìyáàlé ilé mọ bí epo pupa ti í dì nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ kì í fi ipá gbọ̀n ọ́n jáde. Ẹ ó kọ́kọ́ gbé e sún mọ́ iná. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe fún ẹsẹ̀ yín. Kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 rìn, kí ẹ yára díẹ̀ sí i, kí ẹ máa ju apá, kí ẹ máa gbé orúnkún sókè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ẹni tí ó bá ti orí ìdúró fò jáde bí àgbọ̀nrín, ẹ̀yìn itan rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn.

Bí ara bá ti ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dáná. Nínú agbára tí iṣan ara ń lò, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó ń di ooru. Ìdí nìyí tí onísúwẹ́tà méjì fi ń wá ibi tí yóò jù wọ́n sí kí a tó dé ìkóríta kejì. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì dára ju ẹyọ kan tí ó wúwo lọ, nítorí a lè bọ́ ọ̀kan kí a so ó mọ́ ìdí. Mo tún rí àwọn kan lẹ́yìn ògiri tí wọ́n ń gbé ògógóró mì, wọ́n ní àwọn ń mú ara gbóná. Irọ́ ni ọtí ń pa fún wọn. Ọtí a máa ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ sílẹ̀, ooru inú á bá ibẹ̀ jáde, ara á dà bí èyí tí ó gbóná nígbà tí ó ń tutù lọ. Ẹ̀kọ gbígbóná ì bá ṣe wọ́n ní oore ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òùngbẹ ni ẹ̀tàn kejì. Ní ọjọ́ oòrùn, òógùn á máa ṣàn lójú wa, a ó sì wá omi mu. Láàárọ̀ ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà ń lá òógùn kí a tó rí i, èémí tí a ń mí síta sì ń kó omi jáde lára wa. Òùngbẹ kò ní gbẹ wá, bẹ́ẹ̀ omi ara ti ń dínkù. Kí ẹ mu ife omi méjì ní nǹkan bíi wákàtí kan tàbí méjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa bu díẹ̀díẹ̀ mu lójú ọ̀nà. Kì í ṣe kí ẹ da omi inú ọ̀rá mẹ́ta sí ikùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó wá máa ró gbọ̀n-ún gbọ̀n-ún nínú yín.

Ẹni tí ó ní ikọ́ fée ní láti ṣọ́ra ju èyí lọ. Afẹ́fẹ́ tútù tí ó gbẹ a máa mú kí ọ̀nà èémí fún, eruku a sì máa bu iyọ̀ sí i. Nígbà míràn, ìgbà tí ọmọ bá ti dúró tán ni àyà rẹ̀ yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí han bíi fèrè, tí òbí yóò rò pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Kí ó fi aṣọ tín-ín-rín bo imú àti ẹnu, kí ó sì fi imú mí tí ó bá ṣeé ṣe. Bí dókítà bá ti fún un ní oògùn tí a ń fà sínú, tí ó sì ti ní kí ó lò ó ṣáájú eré, ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni àkókò rẹ̀. Inú àpò ṣòkòtò ni kí oògùn náà wà, kì í ṣe orí tábìlì nílé. Bí ọyẹ́ bá le púpọ̀, kí ó jókòó; owó tí ó dá kò ní ṣàì dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ti lé ní ọmọ 50 ọdún. Ó bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga sáré jáde níwájú, gbogbo wa sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. A kò tí ì sá kìlómítà kan tán tí a fi bá a ní etí gọ́tà, ó fi ọwọ́ lé àyà, òógùn tútù bò ó. Ohun tí ó ń sọ ni pé, “Ọyẹ́ ni, ọyẹ́ lásán ni.” Nọ́ọ̀sì tí ó bá wa sá kúnlẹ̀ tì í. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni ẹ ti wọn ẹ̀jẹ̀ yín gbẹ̀yìn?” Kò wọ̀n ọ́n rí. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n nínú ọkọ̀, ó jẹ́ 190 lórí 110, bẹ́ẹ̀ ni láti 140 lórí 90 ni àwọn dókítà ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ó ti ń lo oògùn báyìí, ó sì ń rìn kiri àdúgbò láràárọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó bá ti lé ní 40 ọdún, tí ó sì ti pẹ́ tí ó ti sáré kẹ́yìn, kí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú, kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí máa rìn kí ó tó máa sáré. Bí ẹ bá lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, eré náà tó yín. Bí àyà bá ń dùn yín, tí ìrora náà sì ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tí èémí kò já gaara, ẹ dúró, ẹ pe ènìyàn. Ẹ má ṣe di ẹrù náà lé ọyẹ́ lórí.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí jù. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa, ọmọ ọdún 19, tí ó ní àrùn tí a torí rẹ̀ dáwó. Ó wọ bàtà kánfáàsì tuntun, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sá a. Èmi ni wọ́n ń sáré fún, ṣé kí n máa wò ni?” Ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tí kò ní mú un lọ́kàn? Ṣùgbọ́n òtútù ni ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó tètè ń dá ìrora àrùn yìí sílẹ̀. Àìmu omi tó àti àárẹ̀ púpọ̀ ni ó tẹ̀lé e. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tiwa rí roboto, ó sì rọ̀, ó lè gba ọ̀nà tóóró kọjá. Tiwọn a máa tẹ̀ bíi dòjé, a sì máa le. Nígbà tí òtútù bá fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, àwọn dòjé wọ̀nyí á há síbẹ̀, egungun á sì máa ro wọ́n bí ẹni tí wọ́n ń fi òòlù lù. Dókítà James Herrick ní Chicago ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn òyìnbó, ní ọdún 1910. Ní tiwa, fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn ènìyàn ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ràn orúkọ náà. Kí ni ọmọ yóò máa rò nígbà tí ó bá ń gbọ́ ikú nínú orúkọ tí a fi ń pè é?

Nọ́ọ̀sì wa kò lé e sílé, kò sì gbà kí ó bá wa sáré. Wọ́n fi súwẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n fún un ní omi, ó jókòó nínú ọkọ̀ títí oòrùn fi là. Nígbà tí ilẹ̀ gbóná díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú wa ní ìdajì kìlómítà tí ó kẹ́yìn. Òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jù. Dókítà rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìrìn jẹ́jẹ́ kò léèwọ̀ fún un. Ẹni tí dókítà kò bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, kí ó béèrè ná. Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ AS, ẹ kì í ṣe alárùn, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè sáré. Kí ẹ ṣáà mu omi dáadáa, kí ẹ má sì fi agídí lé ọ̀dọ́mọdé tí ó yára jù yín lọ.

Bí ẹ bá dé òpin eré, ẹ má ṣe dúró gbagidi. Ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sí ẹsẹ̀, òòyì á sì kọ́ yín. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ bọ́ aṣọ tí òógùn ti rin kíákíá, ẹ wọ gbígbẹ, ẹ fi òrí pa ètè àti gìgísẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni wọ́n fún wa, n kò sì mọ oúnjẹ tí ó bá irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ mu jù ú lọ.

Àwọn tí ara wọn kò gbé eré lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ilé ìwòsàn, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ni ó ń nílò ẹ̀jẹ̀ gbà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ sáré, kí ẹ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ míràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ mu omi púpọ̀, kí ẹ má sì sá eré kankan títí wákàtí 24 yóò fi kọjá.