Ogun nìkan kọ́ ló wó o: ibodè àtijọ́ tí Warsaw tún kọ́

Bí o bá ń ti Ìlú Àtijọ́ ní Warsaw, olú-ìlú Póláńdì, lọ sí Ìlú Tuntun, abẹ́ ibodè ńlá kan ni wàá gbà, bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, ilé-ìṣọ́ olórí ṣóńṣó sì yọ lára rẹ̀. Barbakan lorúkọ rẹ̀. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà ti sọ inú rẹ̀ di ibi tí tọmọdé tàgbà ti ń wo ìtàn odi ìlú. Ọ̀pọ̀ àlejò ló rò pé ibodè yìí wà lódindi títí di ọdún 1944, pé àwọn ará Jámánì ló wó o. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọdún 1548 ni ọmọ Ítálì kan, tí àwọn ará Póláńdì ń pè ní Jan Baptist, kọ́ ọ mọ́ odi tó ti wà ṣáájú. Ó pẹ́ kó tó dé: àgbá ìbọn ti ń lágbára ju irú ògiri bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jà níbẹ̀ gidi, ní 1656, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Póláńdì ń gba ìlú wọn padà lọ́wọ́ Swídìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń kọ́lé gbé ilé tiwọn lé ìyókù, ibodè sì di ògiri yàrá àwọn ayálégbé.

Ní 1937, Jan Zachwatowicz, ayàwòrán-ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í tú odi náà síta, ó sì tún apá kan rẹ̀ mọ. Owó tán, Ogun Àgbáyé Kejì sì dé, àwọn Jámánì sì gba ìlú náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1944, ìlú dìde sí àwọn Jámánì, wọ́n sì jà fún ọjọ́ 63. (August Agboola Browne, onílù jáàsì tí wọ́n bí ní Èkó, sọ nínú fọ́ọ̀mù tó kọ ní 1949 pé òun bá wọn jà, pé "Ali" ni wọ́n ń pe òun. Láti 2019 ni òkúta ìrántí rẹ̀ ti wà ní Warsaw.) Nígbà tí ìlú túúbá, àwọn Jámánì ń sun ilé, wọ́n ń fi àdó olóró wó o, títí ohun tó ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àárín ìlú àtijọ́ fi run.

Zachwatowicz wà lára àwọn tó ṣáájú àtúnkọ́. Láàárín 1952 sí 1954, dípò kí wọ́n dá ilé àwọn ayálégbé padà, wọ́n yan ibodè tí baba-ńlá wọn gan-an kò bá lódindi, wọ́n sì tẹ̀ lé àwòrán tí wọ́n ti yà ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú ìgbà náà. Bíríkì ńkọ́? Nysa àti Wrocław ni wọ́n ti kó o wá, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Jámánì títí di 1945. Wọ́n wó ilé àtijọ́ níbẹ̀ nítorí rẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ló yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn fáwọn ọmọ: wọ́n tú ìtàn ìlú kan láti fi mọ ti òmíràn.

Àjọ UNESCO kì í sábà ka ilé àtúnkọ́ sí ogún ayé, ṣùgbọ́n ní 1980 ó gba Ìlú Àtijọ́ Warsaw wọlé. Iṣẹ́ àtúnkọ́ náà fúnra rẹ̀ ló yẹ́ sí, kì í ṣe ọjọ́ orí ògiri. Bí àwọn ọmọ bá sì wo ibodè náà dáadáa, wọn yóò rí i pé kò pé: wọn kò kọ́ ẹnu-ọ̀nà méjì tó wà níta rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì kọ́ ilé-ìṣọ́ kan tó kọjú sí Ìlú Àtijọ́.