Ọbẹ̀dò Inú Àgbá Ẹja Àlòkù

Ẹni tí ó ń nájà ní Oníṣà, tí ó sì fẹ́ fi ọ̀sìn ẹja àrọ̀ díẹ̀ ti òwò rẹ̀ lẹ́yìn, kì í fẹ́ kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ lé àgbá oníke tuntun. Bí ó bá sì rántí bí Odò Ọya ti kún bo oko àti adágún ẹja ní Ogbaru ní 2012 àti ní 2022, kò ní fẹ́ gbẹ́ adágún. Àgbá àlòkù ni yóò wá lọ. Nígbà tí ó bá gbé e délé ni yóò rí ohun tútù kan tí ó ń yọ̀, tí ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú. Ọbẹ̀dò ni. Àwọn mìíràn a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọn a da ọmọ ẹja sí i lọ́jọ́ kejì. Bí ẹja bá kú tán, wọn a ní ayé ni ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ọṣẹ tí ó kù sí ara àgbá ni ó ba ọ̀nà tí ẹja fi ń mí jẹ́.

Oòrùn àti ìdọ̀tí ni ó ń bí ọbẹ̀dò. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ajílẹ̀ tí ó fi ń gbilẹ̀. Lọ́sàn-án, ó ń tú afẹ́fẹ́ rere sínú omi. Lóru, ó ń fa á padà. Ìdí nìyí tí ẹja fi máa ń yọ ẹnu sójú omi ní ìdájí bí ọbẹ̀dò bá ti pọ̀ jù. Àgbà ẹja àrọ̀ lè fara dà á, nítorí pé ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ àrọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò sì tíì ní agbára náà.

Kí onítọ̀hún da omi àgbá nù, kí ó sá a sí oòrùn fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Ọbẹ̀dò tí ó gbẹ a máa ṣí bí èèpo. Búrọ́ọ̀ṣì tàbí kànìnkànìn ni kí ó fi ha á. Kí ó má lo irin, nítorí pé ojú ibi tí irin bá ha lára ike ni ọbẹ̀dò tuntun yóò fi ṣe ilé. Èyí tí ó bá ṣoríkunkun ni Hypo tàbí Jik wà fún, ìwọ̀n 1 sí ìwọ̀n omi 10. Kí ó fi sílẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 1, kí ó fi omi ṣàn án dáadáa, kí ó sì tún sá a títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá.

Ọtí kíkan a máa yọ èérí funfun líle, ṣùgbọ́n òun àti Hypo kò gbọdọ̀ pàdé láéláé. Èéfín tí àpòpọ̀ wọn ń tú jáde lè pa ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sínú àgbá. Bí ó bá wá jẹ́ ọmọdé ni a rán wọ inú rẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ kéré ńkọ́?

Odò Ọya wà nítòsí lóòótọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ní Oníṣà ni ó ń ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ agbómi. Nítorí náà, ìgbà òjò ni iṣẹ́ yìí dùn ún ṣe jù, tí omi òrùlé wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ṣíṣàn. Omi tí Hypo wà nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣàn lọ sí ìdí kànga aládùúgbò.

Lẹ́yìn náà, kí ó fi àwọ̀n dúdú tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo àgbá, kí ó sì máa fún ẹja ní ìwọ̀n oúnjẹ tí yóò jẹ tán lójú ẹsẹ̀.