Owó Ìrántí fún Ìwádìí Jẹjẹrẹ Ìfun Ńlá: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Kí A Tó Dáwó

(Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ohùn alẹ́ ọjọ́ Àìkú, fún àwọn tí data wọn kò tó láti gbọ́ ohùn àti àwọn àgbà tó fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ. Ohùn márùn-ún ni. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.)

*Ohùn kìíní*

 

Láti ọjọ́ tí àkọ́bí Bàbá wa tó di olóògbé ti kọ ọ́ síbí pé àwọn ò ní ra aṣọ ẹbí fún ìrántí ọdún kan, fóònù mi ò sinmi. Ohun tí wọ́n kọ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ náwó aṣọ fi owó náà sílẹ̀ fún ìwádìí lórí àìsàn tó mú Bàbá lọ, ìyẹn jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Àwọn kan ní ó dáa. Àwọn kan ní ṣé òkú Bàbá la fẹ́ máa fi tọrọ owó ni. Ìyá wa kan tiẹ̀ pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni ìwádìí fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti wà ní sàréè?"

Ìbéèrè tó dáa ni, mi ò sì ní fi ẹ̀rín dáhùn ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé láàbù ni mo ti jẹun fún ọdún mẹ́tàlélógún, nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí n ṣàlàyé. Màá sọ ohun tí àìsàn náà jẹ́, ohun tí owó ìrántí ti ṣe níbòmíràn, ibi tí ìwádìí dé nílẹ̀ wa níbí, àti bí a ṣe lè dáwó láìjẹ́ kí olè jẹ nínú ẹ̀.

*Ohùn kejì*

Ìfun ńlá ni apá ìkẹyìn ìfun, ibi tí oúnjẹ ti ń di ìgbẹ́ kó tó jáde. Nígbà míì, ẹran kékeré kan máa ń hù sínú ẹ̀, bí olú tó hù lára igi. Kì í dunni, kì í yọni lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní di nǹkan kan. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọdún mẹ́wàá! Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, bí dókítà bá fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu wo inú ìfun, èyí tí wọ́n ń pè ní colonoscopy, ó lè gé ẹran náà kúrò lọ́jọ́ náà, jẹjẹrẹ ò sì ní ráyè. Àìsàn tó fún wa láyè tó báyìí kò pọ̀.

Kí ló wá dé tó fi ń pa àwọn èèyàn wa? Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mi ò ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń fa jẹjẹrẹ o. Orúkọ yẹn ni mò ń sọ. Bí Yorùbá bá ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ó ti mọ orúkọ ẹ̀ nìyẹn: jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ má jẹ ṣúgà mọ́, ẹ wá àgbo. Níhìn-ín ní Kaduna, àwọn aládùúgbò wa Hausa ń pè é ní basur, kò sì sí ọjà tí ẹ máa dé tí ẹ ò ní gbọ́ ẹni tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí bárò: maganin basur, maganin basur! Mi ò bá alágbo jà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nídìí, kì í ṣe jẹjẹrẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àgbo ò ní ojú tó fi ń wo inú ìfun. Ẹni tó ní basur lásán àti ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n máa rí nínú ṣalángá. Àyẹ̀wò nìkan ló lè ya wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn àmì tí kò yẹ ká fojú fò nìwọ̀nyí: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tí kò dúró, ìyàgbẹ́ tó yí padà, tó di gbuuru tàbí àìrígbẹ́yà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, inú tó ń ṣe bíi pé ìgbẹ́ ṣì kù lẹ́yìn téèyàn ti yàgbẹ́ tán, inú rírun tí kò lọ, kí èèyàn máa rù láìmọ ìdí, àti kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ sílẹ̀ lára, pàápàá lára ọkùnrin tàbí ìyá tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró. Bí láàbù bá ní ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, ẹ má kàn gba oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ sílé. Ẹ bi dókítà pé: níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà lọ?

*Ohùn kẹta*

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí owó. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹkún Bàbá la ṣì ń sun, ṣùgbọ́n ojú wa ò fọ́.

Olùkọ́ kan wà nílùú London tó ń jẹ́ Deborah James. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni. Ní December 2016 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ìfun ńlá lára ẹ̀, ọmọ ọdún márùndínlógójì péré ni. Kò fi pamọ́. Ó ń sọ ọ́ lórí rédíò BBC, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n máa wo ìgbẹ́ wọn. Ọmọlúàbí obìnrin, lórí rédíò, ó ń sọ̀rọ̀ ìgbẹ́! Ìtìjú tó ń pa àwọn tiwa, ó ń pa àwọn òyìnbó náà, òun ló sì dojú kọ.

Ní oṣù May 2022, tí ìtọ́jú ò ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n gbé e lọ sílé àwọn òbí ẹ̀ láti lọ sinmi, ó dá owó kan sílẹ̀ tó pè ní Bowelbabe Fund lábẹ́ Cancer Research UK. Pọ́ùn 250,000 ló ń retí. Kí ọjọ́ kan tó pé, ó ti kọjá mílíọ̀nù kan. Prince William fúnra ẹ̀ lọ bá a nílé láti fi oyè Dame dá a lọ́lá. Nígbà tó máa fi kú ní June 28, 2022, lẹ́ni ogójì ọdún, owó náà ti ju mílíọ̀nù pọ́ùn mẹ́fà lọ. Ó ti kú, owó náà ò dúró. Àwọn èèyàn ṣì ń dá a lórúkọ ẹ̀.

Kí ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Bí mo ṣe rí i, nǹkan mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, wọ́n pe àìsàn náà lórúkọ. Ìkejì, owó náà ò sí lápò ẹnì kankan nínú ẹbí. Ọwọ́ àjọ tí gbogbo èèyàn mọ̀, tó ń ṣírò owó ní gbangba, ló wà. Ìkẹta, ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ náà rí nǹkan mú lọ: ó mọ àmì àìsàn náà.

Ẹ wá fi wé tiwa. Ẹ rántí Sonny Okosun? Èyí tó kọ Fire in Soweto lọ́dún 1977, tó wá di olórin ẹ̀mí nígbẹ̀yìn. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló pa á, ní Washington, ní May 24, 2008, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mélòó nínú wa tó mọ orin ẹ̀ ló mọ ohun tó pa á? Ẹ ò rí i? À ń kọ "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́" sára pósítà òkú, ẹni tó kàn ò sì ní mọ ohun tó yẹ kó sá fún.

*Ohùn kẹrin*

Wàyí o, ìbéèrè Ìyá wa: kí ni ìwádìí ń wá gan-an? Ṣé àwọn òyìnbó ò ti wádìí ẹ̀ tán ni?

Wọn ò tíì wádìí tiwa tán. Dókítà Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, rí i nígbà ayé ẹ̀ pé àìsàn yìí ò wọ́pọ̀ ní Áfíríkà, ó sì kọ ọ́ lọ́dún 1971 pé oúnjẹ wa tó ní fáíbà púpọ̀ ló ń dáàbò bò wá. Ọ̀rọ̀ náà ràn káàkiri. Ṣùgbọ́n ó bí àìbìkítà: ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àìsàn òyìnbó ni. Oúnjẹ wa ti yí padà, a ti ń pẹ́ láyé ju ti àtijọ́ lọ, àìsàn náà sì ti dé. Lọ́dún 2022 nìkan, èèyàn tó ju mílíọ̀nù 1.9 ni ó bẹ̀rẹ̀ lára wọn káàkiri àgbáyé, ó sì pa nǹkan bí 900,000. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ, ẹyọ kan péré ló ń pa èèyàn jù ú lọ, ìyẹn ti ẹ̀dọ̀fóró.

Nílé wa níbí, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olusegun Alatise, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Memorial Sloan Kettering ní New York, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 2013 tó ń jẹ́ African Research Group for Oncology. ARGO ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2021 wọ́n gbé èsì kan jáde: wọ́n yẹ jẹjẹrẹ ìfun àwọn ará Nàìjíríà wò títí dé inú àbùdá ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó yàtọ̀ sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Irú kan tí wọ́n ń pè ní MSI-high pọ̀ lára tiwa jù. Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Irú yẹn ni oògùn ìgbàlódé tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí, ìyẹn immunotherapy, máa ń ṣiṣẹ́ lé lórí jù. Ẹ ò wá rí i pé bí wọn ò bá wo tiwa, oògùn tí wọ́n fi tòyìnbó dán wò ni wọ́n máa kàn máa gbé fún wa, èyí tó bá wa mu gan-an lè wà lórí àtẹ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Owó irú iṣẹ́ yìí kì í lọ sórí nǹkan ńlá nìkan. Ègé ẹran tí wọ́n gé gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìsà tó tutù gan-an, NEPA sì ni NEPA. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa pè wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n rówó ọkọ̀ padà wá. Ibi tí owó kékeré bíi tiwa ti lè wúlò nìyẹn.

*Ohùn karùn-ún*

Èyí tó kẹ́yìn. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ ya owó méjì sọ́tọ̀. Owó ìtọ́jú jẹ́ ti aláìsàn kan tí a mọ̀, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí. Owó ìwádìí jẹ́ ti ẹni tí a ò mọ̀, tó máa ṣàìsàn lọ́la. Méjèèjì dáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gba èkíní kó fi ṣe èkejì. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí náírà àkọ́kọ́ tó wọlé.

Lẹ́yìn náà, kí owó má wọ àkáǹtì ẹnì kankan, títí kan èmi. Bó bá jẹ́ àjọ la fẹ́ fún, kí a wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn ní CAC; ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá, bíi ABUTH ní Shika, Zaria, tó sún mọ́ wa, tàbí ti Ifẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ló máa gba owó, wọ́n á sì fún wa ní rìsíìtì. Kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: iṣẹ́ wo ni owó náà máa bá ṣe? Ṣé ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí ti fọwọ́ sí i? Ìgbà wo ni ẹ máa jábọ̀ fún wa? Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, kí a gbé owó wa lọ síbòmíràn.

Ṣé owó wa máa tó nǹkan? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ilé ọgọ́ta fi náírà 15,000 aṣọ ẹbí sílẹ̀, 900,000 nìyẹn. Kò lè wá oògùn jẹjẹrẹ jáde. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀, ó lè san owó ọkọ̀ àti àyẹ̀wò àwọn kan tí wọn ì bá má padà wá. Ohun tó bá mọ níwọ̀n ni ká ṣèlérí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó wúwo. Mo gbọ́ pé àwọn ẹ̀gbọ́n kan nínú ìdílé Bàbá ò fẹ́ kí a pe orúkọ àìsàn náà ní gbangba, torí àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Wọ́n ní wọ́n á ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ìdílé ló ni òkú, bí wọn ò bá fẹ́ orúkọ Bàbá lórí owó yìí, ká fi orúkọ àdúgbò dá a. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ọmọ fúnra wọn, kò gbọdọ̀ jẹ́ àṣírí. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun kì í ṣe àjogúnbá, àmọ́ ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá ẹ̀ bá ní i, ewu tiẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń sọ ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ogójì ọdún, tàbí kó ku ọdún mẹ́wàá kó tó tó ọjọ́ orí tí wọ́n fi rí i lára òbí ẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ní Amẹ́ríkà, láti 2021, ẹni tí kò ní i nínú ìdílé rárá ń bẹ̀rẹ̀ ní márùndínláàádọ́ta. Àbúrò Bàbá tó lé ní àádọ́ta wà nínú group yìí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dá kọ́bọ̀, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ìyẹn gan-an ni ìrántí àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu àgbo lọ́wọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ rí, ẹ ò ní láti kọ ọ́ síbí. Ẹ pè mí ní ìkọ̀kọ̀, màá sọ ibi tí ẹ máa lọ. Ìpàdé lórí owó náà, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ Bàbá á wà níbẹ̀, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.