Ojú lọba ara, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò kú: Ibi tí àwọn tí ojú wọn fọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ tuntun l'Óṣòdì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọba ara. Bí ọba bá wá wàjà, ṣé ó yẹ kí ìlú tú? Ìbéèrè yìí ló máa ń dojú kọ awakọ̀, télọ̀, káfíńtà, olùkọ́ tàbí akọ̀wé tó ti dàgbà kí àìsàn tó gba ojú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní afọ́jú ti mọ ọ̀nà ara rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ogún ọdún wakọ̀, tó ń fi owó rẹ̀ rán ọmọ níléèwé, tí iṣẹ́ náà wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ní agbègbè Òṣòdì-Ìsọlọ̀, nípìńlẹ̀ Èkó, ibì kan wà tó ń dáhùn ìbéèrè yìí. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú ni, èyí tí ẹgbẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind dá sílẹ̀ ní Cappa, l'Óṣòdì. Kí Nàìjíríà tó gbòmìnira lọ́dún 1960 ni ẹgbẹ́ yìí ti wà. Àwọn tí ojú wọn fọ́ nígbà tí wọ́n ti dàgbà ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà fún jù lọ.

Ohun tí wọ́n ń kọ́

Rírìn ni ìpìlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá funfun wá ọ̀nà, kó má baà jẹ́ pé ọmọ kékeré ni yóò máa fà á kiri. Lẹ́yìn èyí ni ìwé kíkà àti kíkọ lọ́nà braille, títẹ ìwé lórí ẹ̀rọ, àti lílo kọ̀ǹpútà tó ń fi ohùn ka ohun tó wà lójú rẹ̀ síta. Iṣẹ́ ọwọ́ náà wà níbẹ̀, bíi nǹkan híhun àti ìlẹ̀kẹ̀ sínsín. Nínú iṣẹ́ báyìí, ìka ló ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ìka náà ló sì ń mọ̀ bóyá okùn le tàbí ó dẹ̀. Ẹni tí kò hun nǹkan rí láyé rẹ̀ lè wá rí i pé ọwọ́ òun mọṣẹ́.

Irin tó fọ́ ojú, irin tó la ojú

Ìtàn braille fúnra rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́. Ìlú Coupvray, nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti bí Louis Braille lọ́dún 1809. Bàbá rẹ̀ ń fi awọ ṣe gàárì àti ìjánu ẹṣin. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Louis nígbà tó mú irin ṣóṣóró tí wọ́n fi ń lu awọ, tó fi ń ṣeré, irin náà sì gún un lójú. Egbò yìí ran ojú kejì, méjèèjì sì fọ́. Lọ́dún 1829 ló tẹ ìwé jáde nípa ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀: àmì kéékèèké mẹ́fà tí wọ́n ń lù sórí ìwé líle kó lè yọ gọngọ, kí ìka sì lè kà á. Irin ṣóṣóró ni wọ́n fi ń lù ú. Irú irin tó fọ́ ojú ọmọ náà ló wá di kálàmù àwọn afọ́jú káàkiri ayé.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ dé. David Abraham, olùkọ́ iṣẹ́ igi nílé ẹ̀kọ́ Perkins l'Amẹ́ríkà, ló ṣe ẹ̀rọ ìkọ̀wé braille tó jáde lọ́dún 1951. Bọ́tìnì mẹ́fà ló ní fún àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti ọ̀kan fún àlàfo àárín ọ̀rọ̀.

Kí ojú tó lọ

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tó ti pé ẹni ogójì ọdún sókè, ó lé ní mẹ́rin tó jẹ́ afọ́jú. Àrùn cataract, tó máa ń sọ ẹyin ojú di funfun, ló fa bíi 43 nínú 100 ìfọ́jú wọ̀nyí. Iṣẹ́ abẹ lè mú èyí kúrò, kí ẹni náà sì tún ríran. Àrùn glaucoma ló fa bíi 17. Èyí burú jù, nítorí kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá sì ti mú lọ kò ṣeé gbà padà mọ́. Àmọ́ bí dókítà bá tètè rí i, ìtọ́jú lè dá a dúró. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, pàápàá ẹni tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní in, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ yẹ ojú wò. Ẹ má ṣe kán omi ewé tàbí ìtọ̀ sójú.

Kì í ṣe agbe

Àwọn àgbà tó gbé Èkó rí yóò rántí Benjamin Aderounmu, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kòkòrò. Afọ́jú ni, sámbà ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi ń jẹun títí tó fi kú lọ́dún 2009. Òun ni Cyprian Ekwensi wò tó fi kọ ìwé The Drummer Boy lọ́dún 1960.

Òfin pàápàá ti yí padà. Lóṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn abirùn léèwọ̀. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán márùn-ún nínú 100 ipò iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn, ó sì ka lílo abirùn fún agbe ṣíṣe sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú yàrá tí ẹbí fi bàbá wọn sí láti ọdún tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí wọ́n kàn ń gbé oúnjẹ wọlé fún un. Ẹbí ló máa ṣí ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, ní Èkó tàbí lábúlé, ẹ má ṣe ka iṣẹ́ rẹ̀ sí ohun tó ti parí. Ẹ mú un lọ sí ibi tí wọn yóò ti kọ́ ọ níṣẹ́ mìíràn.